Yàrá Ẹni Méjì Lórí Òkè

Àkọ́bí mi,

Ìyá yín kú lẹ́nu ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. O ti gbọ́, mi ò ní tún un sọ.

Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àbúrò rẹ obìnrin ti bímọ, ó sọ̀ láyọ̀. Mégáàdì ibí ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ikọ́ mi ti fúyẹ́ láti ìgbà tí àwọn àbúrò rẹ ti gbé mi wá sí ilé ìtura orí òkè yìí, kí n lè sá fún ooru ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni wọ́n gba yàrá yìí fún kí ìyá yín tó kú, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún àwọn onílé ìtura. Láràárọ̀ ni obìnrin tó ń gbé tíì wá máa ń gbé ife méjì kalẹ̀.

“Bàbá, ṣé Màmá ò tíì jí ni?”

“Wọn ò tíì jí.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa. Ìsinmi ni wọ́n kúkú bá wá.”

Mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Mo ń rìn yí ọgbà ká nínú kùrukùru bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Àwọn àbúrò rẹ ní tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ooru á dá ikọ́ padà. Èmi ní tí mo bá dúró, orí mi á dàrú.

Ọlọ́run á pa ilé rẹ mọ́. Bá mi wá ibọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́. Ìwọ ni àgbà wọn: pe àwọn àbúrò rẹ, kí ẹ jọ sọ ọ́. Kí n dúró ni, àbí kí n máa bọ̀ nílé? Èyí tí o bá wí ni n ó ṣe.

Bàbá rẹ