Ìbéèrè Tó Sọ Ọkọ Mi Di Ẹ̀gbọ́n

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èmi ni mò ń kọ ìbéèrè ìtàn ìlú fún ìdíje ilé ìkàwé àdúgbò wa. N kì í jí ìbéèrè ẹlòmíì, n kì í sì í gba àgbọ́sọ láìwádìí. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ ìlú wa gan-an lòun bí ọkọ mi. Mo fẹ́ bèèrè ọdún yẹn, mo bá lọ tú ìwé ìròyìn àtijọ́. Háà! Ọdún méjì ló fi ṣáájú ọdún ìbí tí ọkọ mi ń kọ sí fọ́ọ̀mù.

Bẹ́ẹ̀, ọdún kan péré ni télọ̀ tó múlé tì wá fi ń ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ọkọ mi ti ń fi àga sílẹ̀ fún un. Mo ní kí n yọ ìbéèrè náà.

Ọkọ mi pariwo: "Yọ kí ni? Òun ni kó o fi ṣáájú!"

Inú mi dùn, n ò kọ èyí tó dùn tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bí télọ̀ ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ mi ti fi àga sílẹ̀ kó tó rántí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n bèèrè é, àbí kí àgbà ṣì máa dìde fún àbúrò rẹ̀?