A Ti San Àáró Túndé

Bàbá mi, Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àsinmi ìkórè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Yábàá níbí. Yàrá mi kò gùn tó, ẹsẹ̀ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ náà pé.

Ara mi le. Òjò ń rọ̀, ọ̀gá mi ń pariwo. Àwọn méjèèjì kì í sọ tẹ́lẹ̀. Ní ọ́fíìsì, kálukú ti ki ẹ̀rọ orin bọ etí, ó ń dá ṣe tiẹ̀. Bí mo bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, oko wa ni mò ń rí: gbogbo àdúgbò mú poro kọ̀ọ̀kan, àgbàdo gbígbẹ ń ya pàkà-pàkà, Màmá ń dá orin lẹ́yìn, agbọ̀n ń ti orí dé orí. Lọ́la, oko Bàbá Ṣadé. Lọ́túnla, ti Ìyá Àgbà. Kò sẹ́ni tó ń gbowó. Ọjọ́ kan la fi ń san ọjọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn yín ò fi balẹ̀, Bàbá, nígbà tí mo mú Túndé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá bá wa kórè lọ́dún yìí. Ọmọ Múṣín ni, kò dé oko rí. Ó ya tútù mọ́ gbígbẹ. Bí ewé bá gbá a lójú, á tọrọ gáfárà. Síbẹ̀ ó dúró títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní: "Ọmọ yìí ò lóko. Níbo la ti máa san tiẹ̀? N ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àáró rí o." Màmá ní oúnjẹ ò wọlé fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹun, Bàbá. A ti san án.

Ní Sátidé tó kọjá, Túndé kó lọ sí àjà kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sábó. Ó fẹ́ pe alábàárù, mo ní kó dúró. Mo pe gbogbo ọmọ ilé wa tó wà l'Ékòó. A tò sórí àtẹ̀gùn, ẹrù ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, Múfú ọmọ Bàbá Ṣadé ń dá orin ìkórè. Ayálégbé kan bi wá pé ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyí. Múfú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ní ṣọ́ọ̀ṣì àgbàdo ni. Firíìjì há sí kọ́nà. Túndé ní ká fi í sílẹ̀. A ní kó lọ se iṣu, torí olóko ló ń bọ́ àáró. Kí iṣu tó jinná, firíìjì ti dókè. Iná ò sí, ṣùgbọ́n ó dókè.

Àǹtí aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ náà fẹ́ kó lọ sílé mìíràn. Ó bi mí pé èló la máa gbà. Mo ní ọjọ́ kan lóko. Ó rò ó díẹ̀, ó wá bi mí pé ìgbà wo ni mọ́tò ìlú wa máa ń gbéra ní Jíbówú.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ fẹ oko sí i.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, Bàbá Ṣadé àti gbogbo àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ̀yìn ń ro, tí inú rẹ̀ sì ń dùn,
Adéwálé.