Igbó Yaba àti Igbó Àjàṣẹ́

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ayọ̀kànmí,
Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Beulah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa náà le, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Òjò kàn ń rọ̀ níbí bí ìgbà tí ẹnìkan gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi ni.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí o ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mo fi rán Àǹtí Ṣìmí, aládùúgbò mi tó ń bọ̀ wá ra aṣọ lọ́dọ̀ yín lọ́la. Jọ̀ọ́, kà á tán kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí o fẹ́ dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé rẹ, kí o sọ fún àwọn ọmọ pé Nàìjíríà ti na Bẹ̀nẹ̀. Nàìjíríà ò na ẹnikẹ́ni.

O ṣáà rántí bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fi àwòrán ìlà méjì tí mo yà sára pátákó ránṣẹ́ sí ọ: bí igbó tó ń hù fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, ṣe ń dín kù láti ọdún 1990 ní orílẹ̀-èdè tèmi àti ní tìrẹ. Ìlà tiwa ga ju tiyín lọ torí ilẹ̀ wa tóbi, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń sọ̀kalẹ̀. O ní àwa ará Nàìjíríà ò lè rí igi kí a má wá àdá. Mo ní ẹ̀yin náà kì í fi omi dáná. Bó ṣe di ìdíje nìyẹn: kí ìwọ àti èmi fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì wa, tèmi ní Yaba, tìrẹ ní Àjàṣẹ́, láti oṣù Kẹsàn-án, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ká wo ti ta ni yóò hù jù.

Tèmi hù, Beulah. Nígbà tí oṣù Kejì fi dé, ọ̀pọ̀tọ́ kan ti ga dé èjìká mi, ìbẹ́pẹ mẹ́ta sì ti yọ láìjẹ́ pé ẹnìkan gbìn wọ́n. Alángbá kún ibẹ̀. Ọmọ tó bá ju bébà síbẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, èmi ni olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní géètì. O mọ ohun tí à ń ṣe fún ọmọ tó bá pẹ́ dé, wọ́n ṣe é fún ìwọ náà rí nígbà tí o wà nílé-ìwé: àdá, àti ìpín koríko tó gbọ́dọ̀ gé. Àwọn tó pẹ́ lọ́jọ́ náà lé ní ogún. Mo ń kọ orúkọ, mo ń pín koríko, n ò gbójú sókè. Iwájú ọ́fíìsì, mẹ́fà. Ẹ̀gbẹ́ pápá, mẹ́wàá. Ẹ̀yìn kíláàsì Àǹtí Abọ́dúndé, mẹ́fà. Èmi Àǹtí Abọ́dúndé ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ bí orí tí wọ́n fá. Mo tiẹ̀ ti yìn wọ́n pé wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa kí ojú mi tó là. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, ìtìjú ni ò jẹ́. Ilẹ̀ kan wà ní Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n mọ ògiri yí ká, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí láti ọjọ́ pípẹ́, tí igi ti kún. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Igbó tí o yìn títí yẹn, kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, torí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní kí n bá àwọn wọn igi tó ga jù. Ni mo bá mú téèpù, mo yọ́ wọ orí ilẹ̀ onílẹ̀ náà.

Ní Èkó yìí, ta ni yóò rí ẹni tó mú téèpù dání lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí yóò gbà pé igi ló ń wọ̀n? Bàbá Gbádé tó ń ṣọ́ ibẹ̀ di aṣọ mi mú.

"Màdáámù, ta ló ta ilẹ̀ yìí fún yín?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, igi ni mò ń wọ̀n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ga ju ti Bẹ̀nẹ̀ lọ ni."

Ó ní, "Ṣé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ náà ti fẹ́ rà á ni?"

Ó fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó pe onílẹ̀, ó ní àwọn kan láti Bẹ̀nẹ̀ ti ń wọn ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, katakata ti hú gbogbo igi náà kanlẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Igbó méjì nìyẹn láàárín oṣù mẹ́ta, èmi tí mo ní mo fẹ́ràn igbó.

Nítorí náà, sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé àwọn ló borí. Má bò mí láṣìírí. Mo ti jẹ́wọ́ fún kíláàsì tèmi láàárọ̀ yìí. A fa ìlà sára pátákó: àyè kan fún Yaba, ọ̀kan fún Àjàṣẹ́, ìkẹta fún ohun tó mú kí igbó dín kù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, agégẹdú àti àwọn tó ń sun èédú ni à ń kọ síbẹ̀. Lónìí, orúkọ ara mi ni mo kọ sí i. Àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé wọn. Ọ̀kan béèrè bóyá yóò jáde nínú ìdánwò. Mo ní yóò jáde.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì kí kíláàsì rẹ kú oríire. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí èébú,
Gertrude Abọ́dúndé.