Etí Ẹ́ńjìnnì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin tí ìwé ìsìnkú yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ra. Ẹ fojú kà á, ẹ má kà á sókè. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wà ní ìjókòó kejì lápá ọ̀tún, àbúrò olóògbé tó kọ ọ́ sì ń ṣọ́ géètì fún wọn títí di òní.

Ọdún 1959 ni a bí olóògbé, àkọ́bí bàbá bíríkìlà àti ìyá aránṣọ. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n kàwé dé. Nígbà tí bàbá já bọ́ lórí àkàbà, wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò wọn lè máa lọ.

Lọ́dún 1974 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ tó ń lo epo dísù, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Wọ́n á fi irin gígùn kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbé ìdí irin náà sétí, wọ́n á ní, "Písítìnì kẹta ló ń ṣàìsàn." Bí wọ́n bá tú u, ìkẹta náà ni. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn: Etí Ẹ́ńjìnnì.

Lọ́dún 1984 wọ́n wọ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Lọ́dún 1987 wọ́n fẹ́ aṣerunlóge tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì. Ìyàwó a máa pariwo pé, "Ẹ gbé etí yín kúrò láyà mi, èmi kì í ṣe bọ́ọ̀sì!" Olóògbé kì í pa ilé àdúrà jẹ; àwọn ló ń tún ẹ̀rọ iná ibẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 2011 ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí wá ṣèdánwò. Olóògbé kò bá ìwé ṣọ̀tá o. Oṣù méje ni ọmọbìnrin wọn fi kọ́ wọn ní ìwé kíkà lórí tábìlì ìdáná. Ìdánwò béèrè pé, bí ẹ́ńjìnnì dísù bá ya wèrè, kí ni kí èèyàn ṣe? Olóògbé nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kan wá, kí n fi hàn yín."

"Bàbá, kò sí ẹ́ńjìnnì níbí. Ẹ kọ ọ́."

Wọn ò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí àkókò fi tán. Ẹ gbọ́ ná! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá di ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá tuntun kan tó ní ìwé ẹ̀rí, tí à ń pè ní Ọ̀gá Oníwèé, tí epo kò tíì ta sí lára rí.

Pákó pẹlẹbẹ kan wà tí olóògbé máa ń gbé ti ògiri. Ẹ́ńjìnnì tó bá ya wèrè, tó ń jó epo inú ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò lè pa á. Àfi kí èèyàn fi pákó dí ihò tó ń fa afẹ́fẹ́. Ọ̀gá Oníwèé ní, "Ẹ da pàǹtí yìí nù." Wọ́n sì dà á nù.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ẹ́ńjìnnì kan ya wèrè. Ọ̀gá Oníwèé yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò kú, ó bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èèyàn mẹ́fà wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì. Olóògbé ń kígbe, "Ẹ jáde! Ẹ jáde!" Nígbà tí kò sí pákó mọ́, wọ́n já ìdérí àpótí irinṣẹ́, wọ́n fi dí ihò náà. Kí ẹ́ńjìnnì tó kú, ó bẹ́, irin sì bá wọn láyà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà láàárín yín níbí.

Ilé iṣẹ́ wá kọ̀wé pé àìkàwé ló pa wọ́n, pé wọ́n fọwọ́ kan ohun tí wọn ò mọ̀. Ọmọbìnrin wọn, tó ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì báyìí, kà á, ó ní, "Pákó yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé!" Ìwé kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó ní ìwé tí kò gbọ́ràn ló ṣẹ̀ wá. Bí wọ́n bá máa tìtorí èyí lé àbúrò, kí wọ́n lé e.

Olóògbé fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa, ariwo ti tán. Ẹ sinmi ní ìrọ̀rùn.

Lánàá, àwọn ọ̀gá gbé ìwé wọn tó ní àìkàwé ló pa olóògbé àti bíró wá bá ìyàwó wọn, pé kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè kà á lónìí.

"Ọkọ mi kò jẹ̀bi," ló wí.

Wọ́n ní kó ṣáà ṣàlàyé ìdí tí kò fi fẹ́ fọwọ́ sí i.

"Mo ti sọ ọ́. N ò ní í sọ nǹkan kan mọ́."

Ó dé bíró náà, ó dá a padà fún wọn, ó sì kọjú sí ògiri títí wọ́n fi lọ.