Bàbá Stamen Kehayov, Ẹni Tó Ń Yan Ìwọ̀n Àkọ́kọ́

Ní oṣù kẹta ọdún 1948, nígbà tí yìnyín ṣì wà lórí òrùlé, ni a bí Olóògbé Stamen Kehayov ní abúlé Gorno Bukovo, lẹ́sẹ̀ òkè Rodopi, nílẹ̀ Bọ̀lùgéríà. Vasil Kehayov, adàgùntàn, ni bàbá wọn. Zlata, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni ìyá wọn. Àwọn àgbà tó bá wọn ṣeré sọ pé àgùntàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé rù, àti pé kò sí irin tó ń ta nípàá bí àgùntàn.

Wọ́n kàwé lábúlé, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Plovdiv. Ibẹ̀ ni irin gbígbé ti gba ọkàn wọn. Ní ọdún 1971, wọ́n lọ díje. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti gbé irin, ẹni tó bá sì dárúkọ ìwọ̀n tó ju agbára rẹ̀ lọ, wọn kì í dín in kù fún un. Àwọn ará abúlé kún inú bọ́ọ̀sì wá wò wọ́n. Nítorí ojú ayé, Bàbá fi ìwọ̀n ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já bọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń padà lọ, kò sẹ́ni tó kọrin.

Ní ọdún 1975, wọ́n fẹ́ Tsvetana, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nídìí ewé tábà sísín sókùn kó lè gbẹ. Òun ló kọ́kọ́ ké sí wọn: "Ìwọ tó o lágbára, wá gbé àpò tábà yìí délé fún mi." Wọ́n gbé e délé, wọn ò sì jìnnà sí ilé náà mọ́. Ọlọ́run fi Ognyan àti Desislava ta wọ́n lọ́rẹ.

Láti ọdún 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní irin gbígbé nínú àká tábà àtijọ́. Òórùn tábà kì í kúrò lára aṣọ àwọn ọmọ náà, àwọn ìyá wọn sì máa ń rò pé wọ́n ti ń mu sìgá. Ẹ̀kọ́ Bàbá kò yí padà: "Ìwọ̀n tó o lè gbé lọ́jọ́ tó ò sùn dáadáa, tí ìyá ẹ tún bú ẹ, òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀." Àwọn ọmọ a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Kóòṣì, ṣé ká kúkú fi ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni?" Bàbá á ní, "Ìwọ tó ò lè gbálẹ̀ ilé yín? Gbé e ná, ká wò ó."

Ọmọ ìjọ Mímọ́ Nikola ni wọ́n. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tan àbẹ́là níbẹ̀. Wọn kì í tọrọ ìṣẹ́gun. Wọ́n á ní kí eegun àwọn ọmọ má yẹ̀. Àwọn ni wọ́n tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe lẹ́yìn ìjì.

Ní ọdún 1998, Ognyan fúnra rẹ̀ ń díje fún ipò kan ṣoṣo tó kù nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ó ní, "Bàbá, ara mi yá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wúwo bẹ̀rẹ̀." Bàbá kọ̀. Ẹni tó bá mú ìwọ̀n fífúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde, nítorí náà Ognyan gbé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tirẹ̀ tán láìkùnà, kí ọmọkùnrin kejì tó ń bá a du ipò náà tó jáde wá gbé èyí tó jù ú lọ díẹ̀. Agbára ṣì kù lára Ognyan, ṣùgbọ́n ààyè ti tán. Lójú ọ̀nà ilé ló sọ ọ́: "Kì í ṣe irin lẹ gbé lé mi lọ́wọ́, Bàbá. Ìbẹ̀rù yín ni." Ó lọ sí Sípéènì lọ kọ́lé fún olówó, kò sì wá wò wọ́n mọ́.

Lálẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, Bàbá ló ń bu búrẹ́dì ilé: ti Ọlọ́run, ti ilé, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti Ognyan a wà lórí fèrèsé títí yóò fi le, kí wọ́n tó fọ́ ọ fún ẹyẹ. Ìyá a ní, "Ẹyẹ yìí ti fẹ́ẹ̀ di ọmọ wa."

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Bàbá mú Gyurga, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń kọ́, lọ sí ìdíje. Èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n fẹ́ mú fún un. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n bi í pé, "Kí ni ara tìẹ sọ?" Ó dárúkọ ìwọ̀n tó wúwo ju tiwọn lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì gbé e. Bàbá jáde síta, wọ́n pe Ognyan lórí fóònù.

"Ọmọ kan fúnra ẹ̀ yan ìwọ̀n ẹ̀ lónìí."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbà?"

"Mo bi í ni. Ó yẹ kí n ti bi ìwọ náà."

"Ṣé ó gbé e?"

"Ó gbé e. Ó tún ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má gbé búrẹ́dì mi sórí fèrèsé lọ́dún yìí. Mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ fúnra mi."

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń tún ibùsùn Ognyan ṣe. Wọ́n kun fèrèsé, wọ́n la igi ìdáná sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n sùn lọ́sàn-án, wọn kò jí mọ́.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Tsvetana, sáyé lọ; àti àwọn ọmọ wọn, Ognyan àti Desislava; àti àwọn ọmọ-ọmọ: Elitsa, Kalin, àti Lusia ọmọ Ognyan, tí apá tó gbé gbogbo irin yẹn kò gbé rí.

Ognyan ti dé. Òun ló wà níbi orí pósí lónìí. Ní Kérésìmesì, òun ni yóò bu búrẹ́dì, ti Bàbá ni yóò sì gbé sórí fèrèsé.

Ẹ sùn re, Bàbá. Kí ilẹ̀ Gorno Bukovo fúyẹ́ lára yín.