Ojú Kámẹ́rà Tí Ó Bá Afínjú Mu

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àìrí ara wa ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo wí yìí, ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ kà á sí, ó ní kí n kọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ara àwa méjèèjì le dáadáa, àfi orúnkún ìyá rẹ tí ó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, èyí sì ti wá wúlò fún gbogbo àdúgbò nítorí wọn kì í sá aṣọ mọ́ láìkọ́kọ́ bi í léèrè. Àdúrà mi ni pé kí ilẹ̀ ibẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì máa fi ojú rere wò ọ́, kí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà tí ò ń gùn ní àràárọ̀ má ṣe gba okun lára rẹ. Àmín.

Bàtà tí o fi rán dírẹ́bà dé ọwọ́ mi ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Ó bá ẹsẹ̀ mi mu. Ìyá rẹ ní ó ń dán jù fún arúgbó, mo ní ta ni arúgbó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàtà ni mo fẹ́ sọ, ìwé tí o fi sínú ti ẹsẹ̀ òsì ni. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ lórí tábìlì tí mo fi ọwọ́ nà án, mo rí i pé ìwé ṣọ́ọ̀bù tí ń ta kámẹ́rà ni. Àwòrán ojú kámẹ́rà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní lẹ́ǹsì: ìkíní gùn bí ọrùn ìgò, ìkejì ṣe déédéé, ìkẹta kúrú bí ìdérí ife. O fi bírò fa òbìrípo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, o sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: fún ajá, èwo?

Ìyá rẹ ní kì í ṣe àwa ni ò ń bi. Ó ní ìwé tí o kàn kì bọ inú bàtà kí imú rẹ̀ má baà wọlé ni, pé ìwé ìròyìn ló wà nínú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ṣé mo fẹ́ dáhùn ìwé ìròyìn náà ni. Mo ní ẹni tó bá kọ èwo, tí ó sì fi àmì ìbéèrè sí i, ó ní ẹni tí ó ń retí kí ó dá òun lóhùn. Ó ti pẹ́ tí o ti bi mí ní nǹkan. Èyí tí o bi mí kẹ́yìn ni àwọ̀ aṣọ tí ó yẹ kí o wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, mo ní ti búlúù, o wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbà ọ́. Nítorí náà mo gbé ìbéèrè yìí sórí tábìlì bíi iṣẹ́ oníbàárà, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi pẹ́.

Mo rántí pé o ti sọ fún wa lórí fóònù pé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, o máa ń lọ sí pápá kan lẹ́bàá ilé rẹ tí àwọn ènìyàn ti ń mú ajá wọn ṣeré, pé o máa ń ya àwọn ajá náà, pé kì í ṣe nítorí owó, ó kàn ń dùn mọ́ ọ ni. Ìyá rẹ bèèrè pé nínú àwọn tó ni ajá wọ̀nyí, ṣé kò sí èyí tí kò tíì níyàwó, o ní o kò wo ojú wọn. O ní ajá tí o ti yà ti tó ogójì. Lẹ́yìn tí o gbé fóònù sílẹ̀, mo rò ó, mo rí i pé ogójì yẹn, ajá oníajá ni gbogbo wọn. Kò sí tiwa níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí gbogbo aránṣọ máa ń ṣe: mo mú téèpù, mo pe Afínjú, ajá wa, wá. Mo rò ó pé bí ojú kámẹ́rà bá ní èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, a ní láti mọ ìwọ̀n ẹni tó máa wọ inú rẹ̀. Ajá náà dúró jẹ́ẹ́, ó sì gbé ọwọ́ òsì sókè nígbà tí téèpù dé abẹ́ apá rẹ̀ bí o ṣe kọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀, íǹṣì mẹ́rìnlá. Àyà rẹ̀, mẹ́rìnlélógún. Láti ẹ̀yìn ọrùn dé ìdí ìrù, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìwọ̀n láti kọ ọ́ sílẹ̀, mo bá ojú ewé tí ìwọ fúnra rẹ kọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjìlá, tí o fi àjákù ṣòkòtò olùkọ́ yín rán ẹ̀wù fún un. Ọrùn, mẹ́tàdínlógún. Àyà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Gígùn rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Mo tún un wọ̀n, mo rò pé téèpù ló ká. Kò ká. Mo kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ìyá rẹ wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó bá mi pa ìwé náà dé.

Ni mo bá ká ìwé ṣọ́ọ̀bù náà, mo lọ bá onífọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́sí ọ́fíìsì, ẹni tí ó ya fọ́tò ìwé ìdánwò rẹ, tí ó ní kí o má rẹ́rìn-ín tí o sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ní aṣọ ńlá yẹn lára ògiri, èyí tí wọ́n ya àtẹ̀gùn sí tí kò lọ síbì kankan. Mo ka gbogbo ìwọ̀n ajá náà fún un. Ó ní Ọ̀gá Téèlọ̀, ojú kámẹ́rà kì í ṣe ṣòkòtò. Ó ní èyí tó gùn yẹn, ohun tó jìnnà ló máa ń fà sún mọ́ tòsí, pé ajá lè máa sáré ní ìpẹ̀kun pápá kí ó má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ń ya òun, kí irun imú rẹ̀ sì hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní èyí tó wà láàárín, ti ẹni tí kò fẹ́ jìnnà tí kò sì fẹ́ sún mọ́ ni. Èyí tó kúrú, ó ní kò lè fa nǹkan kan, ìwọ fúnra rẹ lo máa fa ara rẹ lọ síbẹ̀, o máa kúnlẹ̀, o máa dojú bolẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, títí èémí ajá yóò fi máa fẹ́ sí ọ níwájú orí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ tòsí ni mo gbé lọ sílé. Lára èyí tó gùn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé láti àádọ́rin dé igba. Mo lọ sí gáréèjì, mo bi dírẹ́bà pé máìlì mélòó ló wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó ní bí òun bá gba títì tuntun, ọgọ́sàn-án. Ó ní Bàbá, àbí ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín ni. Mo ní rárá o, ẹnìkan ló fẹ́ máa wò wá láti ọ̀hún. Mo yọ ọgọ́sàn-án kúrò nínú igba, ó ku ogún, inú mi sì dùn, nítorí pé pẹ̀lú ogún máìlì tó ṣẹ́kù yìí, o ó lè rí ẹ̀yìnkùlé náà, níbi tí ìyá rẹ so okùn aṣọ tuntun sí.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ fa àmì sí èyí tó gùn nínú fọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Mo ti wá fa igi lé e lórí, mo sì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn ṣọ́ọ̀bù má baà sọ pé ẹnìkan yí ìwé. Bó ṣe jẹ́ nìyí. Mo rò ó pé o lè ti yá ọ̀kan dán wò. Ní Sọ́ńdè, mo wẹ Afínjú, mo wọ bàtà tuntun, mo gbé àga sí iwájú ilé, a kọjú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ, a jókòó láti aago mẹ́rin títí dé márùn-ún. Ìyá rẹ dúró lójú fèrèsé, ó ní kí n wọlé kí oòrùn má pa mí. Ní Sọ́ńdè kejì, ó ní kí n ti bọ́tìnnì ọrùn mi. Ní Sọ́ńdè kẹta, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gbé àga tirẹ̀ jáde, ó sì jókòó. Alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ àdúgbò ń kọjá lọ, ó bèèrè pé kí là ń retí, ìyá rẹ ní wọ́n ń ya wá ní fọ́tò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí onífọ́tò kankan, ó kí wa kú ìjókòó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Mọ́ńdè, mo padà sọ́dọ̀ onífọ́tò, mo bi í pé bí wọ́n bá ya ènìyàn láti ọgọ́sàn-án máìlì, ọjọ́ mélòó ni fọ́tò náà máa ń lò kí ó tó dé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jókòó lé, ó jókòó lé e fúnra rẹ̀, ó ní Ọ̀gá Téèlọ̀, òkè ló dí wọn lójú. Ó ní òkè tó wà lẹ́yìn odò yẹn, kò sí ojú kámẹ́rà tó lè gba inú rẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní kí n má bínú, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà.

Mo sọ fún ìyá rẹ nílé. Ó ní òun ti rò ó láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ pé òkè wà lọ́nà. Mo ní kí ló dé tí o fi wá jókòó ní ẹ̀kẹta. Ó ní jíjókòó níbẹ̀ ṣáà dà bí ẹni pé ẹnìkan ń wò wá.

Ọmọ mi, Afínjú ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú rẹ̀ ti funfun bí omi tí a ti fọ ṣọ́ọ̀kì sí. Kò tún yẹra fún ẹrẹ̀ mọ́, nítorí pé kò rí i, ìwọ náà mọ̀ pé ajá tí à ń pè ní Afínjú kò tẹ ẹrẹ̀ rí láyé rẹ̀, nígbà tó sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí géètì bá dún, ó máa ń dìde, ó ń dúró de ẹsẹ̀ kan, tí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ náà, á tún jókòó. Dókítà ẹran wá wò ó, ó ní oògùn wà fún ìrora, kò sí fún ọjọ́ orí, pé òun kò rò pé yóò rí ìparí òjò yìí. Mo ti rán iṣẹ́ yìí sí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́wọ́ obìnrin tó máa ń bá ọ gbé fóònù, èyí tó máa ń sọ pé o kò sí nítòsí. Ohùn rẹ̀ dára, ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, mo sì máa ń kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó jọ pé kì í jíṣẹ́. Má bá a jà.

Èsì ìbéèrè rẹ nìyí. Ra èyí tó kúrú. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ, mi ò dúró sí òdìkejì títì wọn ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí ìwé, aṣọ wọn ló máa ń padà wá fún àtúnṣe. Ẹni tó bá máa bá ara mu, ó ní láti wá kí n fi téèpù yí i ká. Èyí tó gùn dára fún àwọn ajá pápá yẹn, tí wọ́n ń sáré, tí wọn kò mọ̀ ọ́. Ti Afínjú, kì í sáré mọ́, ìwọ lo máa kúnlẹ̀ tì í.

Mo ti fi àmì sí i fún ọ. Mo kọ orúkọ rẹ síbi orúkọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé níbo ni kí àwọn gbé e wá, mi ò dá ilé tuntun rẹ mọ̀, ibi tí mo mọ̀ ọ́n kọ nìkan ni mo kọ, ilé wa níbí ni. Mo ti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà ní pọ́sí ọ́fíìsì lánàá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí kò sí bí mo ṣe máa kọ̀wé sí ọ tí n kò ní béèrè owó. Owó ọkọ̀ ni. Má fi ránṣẹ́ sí wa. Kó owó náà lé dírẹ́bà lọ́wọ́ fúnra rẹ, sọ pé kí ó fi ọ́ sí iwájú, kí oòrùn má wà ní apá ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí. Ojú tí o fi ń wo ẹranko pẹ̀lú àánú yìí, kí ènìyàn máa fi irú rẹ̀ wo ìwọ náà níbikíbi tí o bá dé.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ.

Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí láti ẹ̀yìn èjìká mi, ó ní kí n fi kún un pé bí ṣọ́ọ̀bù bá pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú kámẹ́rà náà dé, kí ìwọ má dúró dè é.