Ìdí Tí N Kò Fi Ní Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Olóyè Mákánjú

Mowo,
Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Dosu,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́ láti etí ọ̀sà. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ṣé ara ìyàwó yín ti le lẹ́yìn ibà tó dá a dúbúlẹ̀? Rewájú ọmọ yín ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo ilé yín nínú ìlera, kí òtútù Èkìtì má sì mú yín bó ṣe mú yín lọ́dún tó kọjá. Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ìfẹ́ ọmọ mi ń dàgbà, ara Màmá sì yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nítorí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin.

Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín lẹ ń pa fóònù mọ́ mi létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ẹ lè fa ìwé yìí ya, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ ó kọ́kọ́ kà á.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n tẹ̀ lé Màmá lọ sílé Olóyè Mákánjú, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní lọ. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ìwé. Kì í ṣe iṣẹ́ èṣù rárá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ojú mi sì là kedere nígbà tí mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnu Olóyè nìkan lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìyá yín náà rò ó fún yín.

Ẹ máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, pé mò ń gbowó láti sọ iye tó yẹ kí olówó gbà. Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá a máa ní ìgbìmọ̀ olùdarí, àwọn tí à ń pè ní bọ́ọ̀dù, tí ń bá àwọn onípìn-ín, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà gan-an, ṣọ́ ọ̀gá àgbà. Bọ́ọ̀dù ló ń pinnu owó tí ọ̀gá náà yóò máa gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ èyí tó tọ́, wọ́n á pe irú mi. Mo máa wo iṣẹ́ rẹ̀, mo máa wo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà níbòmíràn, mo máa wo bí nǹkan ṣe rí fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn onípìn-ín, lẹ́yìn náà n ó sọ òótọ́ ohun tí mo rí. Bí ẹ bá yọ òótọ́ kúrò nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó sanwó fún mi.

Ẹ mọ ilé-iṣẹ́ Agunkẹ Tuntun ní Aradagun, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo àgbọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, àwọn ìdílé tó ní oko àgbọn létí òkun ló yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn, tí wọ́n gba ìpín dípò owó. Olóyè Mákánjú ni alága bọ́ọ̀dù níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá ni ọ̀gá àgbà. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: nígbà tí iná jó ilé ẹ̀rọ wọn, ibẹ̀ ló ń sùn, òun ló ń bẹ àwọn báǹkì kiri títí ẹ̀rọ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Akíkanjú ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá ọjà kò yá. Wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé ná, àwọn onípìn-ín kò sì rí kọ́bọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n sọ owó oṣù òun di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì máa fún òun ní owó ìmóríyá lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ ìbáà jèrè, ìbáà pàdánù.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ṣé ẹ máa ń fún ọmọ tó gbégbá orókè àti ọmọ tó fìdí rẹmi ní ẹ̀bùn kan náà? Mo gba bọ́ọ̀dù nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó oṣù ọkùnrin náà, nítorí ó ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo ní kí owó ìmóríyá dúró de èrè, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílé sì kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún bọ́ọ̀dù, mo wọlé, mo bá Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá fúnra rẹ̀ tó jókòó lápá ọ̀tún alága. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ owó yín la fẹ́ sọ. Ẹ bá wa bọ́ síta díẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nínú ilé-iṣẹ́ mi?” Mo ní, “Nínú ilé-iṣẹ́ àwọn onípìn-ín, sà.” Olóyè ní, “Moyọ̀, máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ jàre. Ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wa.” Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé, mo sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo ní, “N ó dúró, sà.” Mo sì dúró lóòótọ́. Ta ló gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí wọ́n ti ń dá owó ara rẹ̀? Ta ni yóò lè sọ òótọ́ lójú rẹ̀?

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú bọ́ọ̀dù yẹn, Màmá Deborah, tí àwọn ìdílé olóko àgbọn yàn láti ṣojú wọn. Ó bi mí léèrè pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn nìyẹn, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á jáde?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, “Kí ló dé tí àwa kò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí?” Olóyè wo aago rẹ̀, ó ní oúnjẹ ti délẹ̀. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Ìrẹsì àti ẹja díndín ló gba Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìwé ìmọ̀ràn mi ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò pẹ́ tí Olóyè fi pè mí sílé rẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó ní kí wọ́n fún mi ní omi àgbọn tútù, ó béèrè yín. Ó wá rán mi létí pé òun ló rán mi ní yunifásítì lẹ́yìn ikú Bàbá, òun ló sì bá yín wá iṣẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kò parọ́. Ó ní, “Yí ìwé yẹn padà díẹ̀, kí o fọwọ́ sí i. Ta ni yóò tilẹ̀ kà á?” Mo ní, “Èmi, sà. Èmi á kà á.” Inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó ní bí mo bá kọ̀, kò sí bọ́ọ̀dù kan láti ibí dé Erékùṣù Èkó tí yóò tún pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ, mo sì jáde láìyí ohunkóhun padà.

Ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín wáyé nínú gbọ̀ngàn kan níbí ní Mowo. Èrò wá láti Morogbo àti Aradagun, àwọn mìíràn sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mi ò sì gbèrò láti sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìmọ̀ràn mi, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dà á nù. Ká ní wọ́n sọ pé àwọn dà á nù, ǹ bá gba ilé mi lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n Olóyè dìde, ó ka iye owó tí ọ̀gá àgbà béèrè, kò dín, kò kún, ó wá ní, “Olùdámọ̀ràn wa, Moyọ̀sọ́lá, ọmọ bíbí Àgbádárìgì, ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún! Ìyá kan tó jókòó níwájú mi sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé bí ọmọ wa bá ti rí sí i, ọkàn ti balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ dárí jì mí. Ìmọ̀ràn tí mo gbà wọ́n kọ́ nìyẹn.”

Olóyè ní, “Jókòó, ọmọ mi. O kì í ṣe onípìn-ín.” Òótọ́ ni, ọkọ̀ àti àwọ̀n ni Bàbá wa ní, kò ní oko àgbọn. Ìgbà yẹn ni Màmá Deborah dìde láàárín bọ́ọ̀dù gan-an, ó ní, “Onípìn-ín lèmi. Mo fún un ní àyè mi. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.” Bàbá Ùsmán, tó ti darúgbó sínú oko àgbọn rẹ̀ lẹ́yìn Mowo, kígbe pé, “Kí lo wá sọ fún wọn, ọmọ?” Mo ní, “Bàbá, ohun tí mo sọ fún bọ́ọ̀dù, àwọn ni kí ẹ bi. Iṣẹ́ mi kò fún mi láyè láti tú u síta. Ṣùgbọ́n orúkọ mi, tèmi ni. Mi ò yá ẹnikẹ́ni.” Mo sì jókòó.

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n ń fi èdè Ògù pariwo, wọ́n ń fi Yorùbá pariwo, títí Bàbá Ùsmán fi gun orí àga, tó sì ní kí wọ́n gbé owó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí bọ́ọ̀dù padà lọ jókòó, kí ọ̀gá àgbà sì wà níta. Ọwọ́ tó nà sókè pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń jáde, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Mo rò pé o mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́.” Mo ní, “Mo mọ̀, sà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi kún owó yín.” Ojú rẹ̀ fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí rẹ̀ ni. Wọn kò tíì sọ ìyẹn fún un.

Bọ́ọ̀dù tún jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Wọ́n ti kéde àbájáde rẹ̀: wọ́n fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀, kò sì sí owó ìmóríyá láìsí èrè. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe gbogbo wọn. Olóyè ṣì ni alága. Èmi ni wọ́n lé. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Erékùṣù tó ti fẹ́ gbà mí náà ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ohun tí Olóyè ṣèlérí ti ń ṣẹ.

Ẹ béèrè lórí fóònù pé ta ló rán mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ló rán mi. Ẹ tún pè mí ní aláìmoore. Bí ara Olóyè kò bá yá lọ́la, n ó wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dé. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tèmi, kó béèrè rẹ̀, n ó fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ní kí n fi san oore yẹn kì í ṣe tèmi. Ohun ìní àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi ni.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ tí Olóyè fẹ́ fún Rewájú ti bọ́. Ibi tó dùn mí jù lọ nìyẹn, mo sì sunkún lé e lórí. Bí Rewájú bá bínú sí mi, ó lẹ́tọ̀ọ́. N ó máa bá a wá òmíràn títí yóò fi rí i. Àmọ́ mi ò ní fi ìpín àwọn ìdílé wọ̀nyẹn ra iṣẹ́ fún ọmọ yín, nítorí mi ò ní fi rà á fún Ìfẹ́ tí mo bí.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní àforíjì kankan láti tọrọ. Bí mo bá lọ kúnlẹ̀, ohun tí ìlú yóò gbọ́ ni pé irọ́ ni mo pa nígbà tí mo dìde. Mo sì tún lè dìde lọ́la, mo sì fẹ́ kí wọ́n lè gbà mí gbọ́.

Ọlọ́run yóò pa yín mọ́ fún wa. Ilé-ìwé yín yóò máa gbèrú, ara ìyàwó yín yóò le pọ́nkí, Rewájú yóò rí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi dẹ́rù bà á. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì jẹ oúnjẹ ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì kábàámọ̀,

Moyọ̀sọ́lá.

Àfikún: Màmá ní kí ẹ má ṣe gbàgbé iṣu tuntun bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dún Kérésì. Mo ti kun yàrá yín. Bí ẹ bá ṣì ń bínú nígbà náà, ẹ gbé ìbínú náà dání. Àyè wà fún un nínú ilé yìí.